Àwọn Tó Gbé Ẹrù Gun Òkè Oníná

Kò sí òkè tó tó òkè pè ní Abidjan. Ẹni tó bá dúró sí etí ọ̀sà Ébrié, ì báà jẹ́ ní Treichville tàbí ní Cocody, omi, afárá àti ilé gogoro ni ojú rẹ̀ yóò kàn. Síbẹ̀, ìlú yìí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa òkè tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ibi ìkómọjáde ni. Ọmọ Èjìgbò kan tó ti pẹ́ ní Treichville ni Ọlọ́run fi ọmọ tuntun ta lọ́rẹ, a sì pé jọ sí ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwa tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anago. Lára àwọn àlejò ni aládùúgbò wọn kan, bàbá arúgbó kan láti agbègbè Tabou, ọmọ ẹ̀yà Kru, ẹni tó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní èbúté. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ orúkọ ọmọ náà fún un ní èdè Faransé, ó mi orí, ó ní: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin máa ń wo ilé kí ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ bàbá bàbá mi lórúkọ nínú ọkọ̀ kò wo ilé kankan." Ó wá sọ fún mi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba bàbá bàbá òun sínú ọkọ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Fernando Po, ibẹ̀ ló sì ti gbé ẹrù òyìnbó gun òkè kan tí èémí ènìyàn ń jáde lẹ́nu bí èéfín nítorí otútù. Orúkọ tí wọ́n kọ fún un sínú ìwé ni "Bottle of Beer". Ìgò bíà! Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ìwé ìtàn bá sọ pé lágbájá ni ó kọ́kọ́ gun òkè báyìí, àwọn wo ni ó bá a gùn ún?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn òkè náà. Láti erékùṣù Annobón ní gúúsù, kọjá São Tomé àti Príncipe, títí dé Bioko, tí í ṣe Fernando Po àtijọ́, kí ó tó gun èbúté wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ìlà òkè kan wà tó jẹ́ pé iná abẹ́ ilẹ̀ ló mọ gbogbo wọn. Òkè oníná ni mo ń pè wọ́n, nítorí pé òkúta yíyọ́ tó gbóná janjan tú jáde láti inú ilẹ̀, ó tutù, ó gan, ó sì ga. Òkè São Tomé ga ju 2,000 mítà lọ. Èyí tó wà ní Bioko ju 3,000 mítà lọ. Òkè Kamẹrúùnù, tí àwọn onílẹ̀ ń pe ṣóńṣó rẹ̀ ní Fako, ju 4,000 mítà lọ. Ti Kamẹrúùnù yìí kò tíì sùn. Ní 1922, òkúta yíyọ́ rẹ̀ ṣàn wọ inú òkun. Ní 1999, ó ṣàn gba orí ọ̀nà ọkọ̀ kọjá nítòsí Bakingili, díẹ̀ ló sì kù kí ó dé òkun. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ a máa ti ọ̀nà jíjìn wá sí àwọn erékùṣù yìí láti rin orí òkè, láti wo adágún inú ihò iná àtijọ́ àti igbó tí ìkùukùu kì í fẹ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi òkè ṣe ìgbafẹ́, òkè ti jẹ́ ilé ààbò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí ogun le àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ìletò wọn, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830, láyé Ṣódẹkẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè wọn fún ọ̀pọ̀ ìran. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Bioko. Àwọn Bubi tó ni erékùṣù náà ta kété sí etí òkun níbi tí ọkọ̀ ẹrú ti lè gúnlẹ̀, wọ́n kọ́ ìletò wọn sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ní apá gúúsù, ọba wọn Moka, ẹni tó wàjà ní 1899, jọba ní àfonífojì kan tó tutù lórí òkè, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pe ibẹ̀ di òní. Ní ìdojúkọ wọn ní Kamẹrúùnù, àwọn Bakweri ń ṣọdẹ lórí Fako, wọ́n sì gbà pé Epasa Moto ló ni òkè náà, ẹ̀mí tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí apá kejì jẹ́ òkúta. Àwọn Duala tó ń wò ó láti òkèèrè pè é ní Mongo ma Loba. Mongo ni òkè. Loba ni sánmà, òun náà sì ni Ọlọ́run. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tó mọ bí ọ̀run àti Ọlọ́run ṣe tan mọ́ra, kò ní pẹ́ lóye èrò inú orúkọ yẹn.

Ní 1827, ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Fitzwilliam Owen, tẹ ibùdó kan dó sí etí òkun àríwá erékùṣù náà, ó sì pè é ní Clarence. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn olówò ẹrú fẹ́ fi ṣe ibùsọ̀. Àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú wà lára àwọn tó kọ́ ìlú náà. Àwọn aláàárù àti awakọ̀ ojú omi ibẹ̀ sì ni àwọn Kru.

Ta ni Kru? Ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti Làìbéríà, ó kọjá Cape Palmas, ó wọ Côte d'Ivoire ní Tabou, ó sì nà dé apá Sassandra. Wọ́n mọ òkun bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún títí wọ ọ̀rúndún ogún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wá sí etíkun wa tí kì í dúró ní ilẹ̀ wọn láti gba òṣìṣẹ́. Olórí wọn ni yóò kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, tí yóò bá ọ̀gákọ̀ ṣe àdéhùn ọdún kan tàbí méjì. Ọjà ni wọ́n sì sábà fi ń san owó iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé. Wọn kì í ṣe ẹrú. Wọ́n máa ń fa ìlà aláró kan sí iwájú orí wọn, kí olówò ẹrú lè dá wọn mọ̀, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọn kò tilẹ̀ sọ ara wọn nù, orúkọ wọn sọnù. Ẹni tó ń kọ orúkọ sínú ìwé ọkọ̀ kò ní sùúrù láti gbọ́ èdè Kru, nítorí náà ó ń pe ọ̀kan ní Jack, ó ń pe òmíràn ní Tom, ó sì ń fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ bí Ìgò Bíà pe ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ tí mo yàn láàyò. Èdè olóhùn ni àwọn èdè Kru, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti jẹ́. Yorùbá ní ohùn mẹ́ta. Wobé, tí í ṣe ọ̀kan lára àwọn èdè Kru ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire, ní mẹ́rin. Bí a bá mú ohùn kúrò lára orúkọ, egungun rẹ̀ nìkan ló kù. Ẹ wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ sí Ayọ̀, Adé àti Òjó tí a bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i, tí ẹni tí kò gbọ́ èdè wa sì ń kà wọ́n. Nítorí náà, kódà níbi tí akọ̀wé ọkọ̀ bá ti gbìyànjú láti kọ orúkọ Kru gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, ó ṣòro fún ọmọ onílé láti mọ ẹni tí í ṣe.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló wà ní ìdí ìtàn gígun òkè ní agbègbè náà. Ní 1860, Gustav Mann, ọmọ Jámánì tó ń bá ọgbà ewéko ìjọba ní Kew wá irúgbìn, gun òkè Bioko. Ewéko tó kó ránṣẹ́ ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn jọ èyí tó ń hù lórí òkè Etiópíà, ní ìdàkejì Áfíríkà. Ní 1861, Richard Burton dé sí Fernando Po gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì rí Aláké Okùkẹnù. Láti ìparí ọdún náà wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1862, òun àti Mann, pẹ̀lú oníwàásù Alfred Saker àti adájọ́ ará Sípéènì kan, gun Òkè Kamẹrúùnù. Ìwé alápá méjì tó tẹ̀ jáde ní 1863 fi orúkọ Abẹ́òkúta àti òkè náà sí ẹ̀yìn ìwé pọ̀. Yorùbá tó bá ń ka apá kìíní ìwé náà nítorí ìtàn Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ pa apá kejì tì, nítorí pé ojú kan náà ni òǹkọ̀wé fi wo àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn tó gbé ẹrù rẹ̀. Ìwọ̀sí rẹ̀ kò ṣe ojúsàájú.

Àwọn Kru ló gbé ẹrù náà. Ẹ ro bí ó ti rí: ọkùnrin tí a bí sí etí òkun, tí oòrùn ti ń pa láti kékeré, ni wọ́n ní kí ó gbé àgọ́, oúnjẹ, omi àti àpótí ìwé sórí, kí ó máa pọ́n òkè tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, nínú igbó dúdú, lẹ́yìn náà nínú koríko tó ga, lẹ́yìn náà lórí òkúta iná tó mú bí abẹ. Aṣọ otútù kò tó. Omi ló tún ṣòro jù, nítorí pé òkúta ibẹ̀ ń mu òjò bí kànrìnkàn. Nígbà tí wọ́n rí orísun omi kan lókè, orúkọ Mann ni Burton fi pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é di òní olónìí. Àwọn arìnrìn-àjò ṣì ń pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi kò rò pé àwọn ọdẹ Bakweri, tí wọ́n ti ń lé ẹran lórí òkè náà láti ìran dé ìran, ń dúró de Mann kí wọ́n tó mumi.

Burton tún fi orúkọ Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ Albert pe ṣóńṣó méjì lórí òkè náà. Orúkọ òkè Bioko náà ń yí padà bí ìjọba ti ń yí padà: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Clarence, àwọn ará Sípéènì ní Santa Isabel, lónìí a ń pè é ní Basilé. Erékùṣù fúnra rẹ̀ kò sinmi. Lẹ́yìn òmìnira 1968, Macías Nguema fi orúkọ ara rẹ̀ pè é ní 1973. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí oyè ní 1979, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára erékùṣù náà pẹ̀lú. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ti àwọn òkè yìí, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n wò.

Àwọn kan wà tí ìtàn ì bá gbàgbé pátápátá bí kì í bá ṣe pé wọ́n mọ̀wé. Joseph Merrick, ọmọ bíbí Jàmáíkà tó wá wàásù ní Bimbia, tó kú ní 1849, ti gbé ẹsẹ̀ lé Òkè Kamẹrúùnù ṣáájú Burton. Ẹnì kejì ni Selim Aga, tó bá Burton lọ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ agbègbè Taqali ní Súdáànì ni. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á lẹ́rú. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan ní Íjíbítì mú un dé Scotland ní 1836. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó sì tẹ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde ní Aberdeen ní 1846. Ogun àwọn Grebo ní Làìbéríà ló pa á ní 1875, ní ilẹ̀ tó bá agbègbè Tabou pààlà. Ọkùnrin tó gun òkè pẹ̀lú àwọn Kru wá kú sí ẹ̀bá ilé wọn.

A kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo òǹkọ̀wé òyìnbó ló rí bákan náà. Nígbà tí Mary Kingsley gun Òkè Kamẹrúùnù ní oṣù kẹsàn-án 1895, òjò àti otútù bá àwọn ọkùnrin tó gbé ẹrù rẹ̀ jà, ìkùukùu sì bo orí òkè tó fi jẹ́ pé kò rí ohun kan nígbà tó dé ibẹ̀. Òun náà a máa fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ yóò bá orúkọ wọn pàdé níbẹ̀: Bum, Kefalla, Xenia, Sasu. A mọ ẹni tó ń kùn, a mọ ẹni tó ń tanná. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí wọn kò gba orúkọ rẹ̀ rí. Kì í ṣe kékeré lójú bàbá tí mo bá pàdé ní Treichville.

Bí ẹnìkan bá wá rò pé kò sí bí ó ṣe lè yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀, kí ó bá mi wo erékùṣù oníná mìíràn, Réunion, ní Òkun Íńdíà, tó wà lábẹ́ Faransé. Láti Abidjan, níbi tí a ti ń ka ìwé ìròyìn Faransé, a máa ń rí ìpolówó rẹ̀: ẹ wá rin òkè fún ìgbafẹ́. Òkè tó ga jù níbẹ̀ ju 3,000 mítà lọ, àjọ UNESCO sì kọ àwọn òkè àti àfonífojì rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2010. Ṣùgbọ́n ohun tí ìpolówó kì í sọ wà nínú orúkọ ibẹ̀. Mafate, àfonífojì tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn dé ibẹ̀, orúkọ ẹrú kan tó sá wọ inú òkè ni. Anchaing, Dimitile, Cimendef: orúkọ àwọn tó sá lọ́wọ́ olóko ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti Madagásíkà. Wọ́n lépa wọn, wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn, a kò sì fòpin sí oko ẹrú ní erékùṣù náà títí di 20 oṣù kejìlá 1848. Síbẹ̀, orúkọ wọn ló wà lórí àwòrán ilẹ̀, arìnrìn-àjò tó bá sì ń béèrè ọ̀nà ń pe orúkọ wọn, ì báà mọ̀ tàbí kí ó má mọ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn ẹrú yẹn gbé orí òkè, wọ́n kú síbẹ̀. Àwọn Kru ní tiwọn gun òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọkọ̀, wọ́n lọ sílé. Òkè kò mọ orúkọ ẹni tó ń kọjá lọ.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ní Buea, ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, ẹni tó bá fẹ́ gòkè yóò gba afinimọ̀nà àti aláàárù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní apá ibẹ̀ láti 2016 ti dín àlejò kù gan-an. Láti 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje lọ sí orí òkè náà, lọ àti bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Níbẹ̀ ni Sarah Etonge, ọmọbìnrin Bakweri, ti gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin nígbà méje, tí wọ́n sì ń pè é ní ọbabìnrin òkè. Ní Bioko, ère Bisila, ìyá tí àwọn Bubi ń bọ̀wọ̀ fún, wà lórí òkè Basilé. Orúkọ àwọn onílé ti ń padà sórí òkè díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àwọn tó gbé ẹrù kò tíì padà.

Níbo ni a ó ti rí i? Ìwé ọkọ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀fẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdajì kejì wà ní Tabou, ní San-Pédro, ní Sassandra, ní Treichville níbí, lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n mọ orúkọ méjèèjì tí bàbá àgbà wọn jẹ́, èyí tí wọ́n sọ ọ́ nílé àti èyí tí wọ́n sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá so orúkọ kan pọ̀ mọ́ èkejì ti dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Mo ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè ní Abidjan, ní Ìbàdàn, ní Cotonou, sí iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n sì fi ohùn sí orúkọ. Àwọn àgbà náà ń lọ.

Ní ọjọ́ ìkómọjáde yẹn, kí a tó túká, mo bi bàbá náà pé: "Bàbá, kí ni orúkọ wọn gan-an?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì pè é. Mo pè é tẹ̀ lé e. Ó ní ohùn kejì wà ní ìsàlẹ̀ jù. Mo tún un pè. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó ní mo gbà á. Mo bèèrè bóyá mo lè kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní òun yóò kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé òun sọ ọ́, nítorí pé orúkọ kì í ṣe ti ẹnìkan. N kò tíì gbọ́ èsì wọn, nítorí náà n kò kọ ọ́ síbí. Ṣùgbọ́n mo lè pè é.